“Coffee” Kì Í Ṣe Orúkọ Èèyàn: Àkọsílẹ̀ Ìdìbò Abẹ́lé Kan Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé ìdìbò tí wọ́n kà sí òfo lọ́jọ́ náà, méje ni. Ó dá mi lójú, torí èmi ni mo kó wọn dání nígbà tí wọ́n ń jiyàn lé wọn lórí. Mẹ́rin nínú wọn, “Gana” péré ni wọ́n kọ sí i. Ẹnìkan kọ “Oga Gana onijenereto”, ó tún wá fi nọ́ńbà fóònù ọ̀gá náà sí i nísàlẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó ń kàbò lè fẹ́ pè é kó bi í léèrè. Ẹnìkan kọ “Coffee”. Ìkeje kò ní nǹkan kan lára ju òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìyókù tán, ìbò mẹ́rin ni ẹni tó wọlé fi ju ẹni tó fìdí rẹmi lọ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí oníkálukú ti ń bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ìdìbò abẹ́lé ni, ti ipò kánsílọ̀, ní wọ́ọ̀dù kan lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣáájú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ wa, ṣe káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2021. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́, n kò sì ní dárúkọ wọ́ọ̀dù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti sọ wọ́ọ̀dù ti júwe ilé. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Tíṣà ni mí, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló gbé mi débẹ̀. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù wọn ló ní kí n wá bá àwọn kọ èsì sójú pátákó, kó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun ò rí i kà. Ó ṣèlérí owó ọkọ̀ fún mi. Owó ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́nà.

Mẹ́ta ni àwọn tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹni àkọ́kọ́ ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Oríire, ó ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Orúkọ bàbá rẹ̀ bá ti àgbà olóṣèlú kan tí gbogbo wa mọ̀ mu, bẹ́ẹ̀ wọn ò tan rárá. Nínú pósítà rẹ̀, orúkọ bàbá yìí ló gba gbogbo àyè, orúkọ tirẹ̀ gan-an wà lábẹ́ rẹ̀ tíńtín bí ẹsẹ̀ èèrà. Bí ìyá àgbà kan bá bi í pé, “Ṣé ọmọ bàbá wa ni ọ́?”, á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìrántí wọn.” Kò parọ́, kò sì jẹ́wọ́. Àwọn ẹbí olóṣèlú náà ló ránṣẹ́ sí i pé kó yé fi orúkọ àwọn jẹun, ó sì yọwọ́ nígbà tí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ń wá bí wọ́n ṣe máa fohùn ṣọ̀kan.

Ẹnì kejì, orúkọ tó fi Oyè bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́. Oyè náà ni màá máa pè é, ẹ ò sì lè fi ìyẹn dá a mọ̀: ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí o bá ké pe Oyè lójú ọjà, ìdajì ọjà ló máa dáhùn. Agboolé wọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì, orúkọ agboolé náà ni àwọn ọlọ́kadà fi ń pe oríta. Ìbàdàn ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ọdún Kérésì àti ìsìnkú ló ń gbé e wálé. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo bi mẹ́fà nínú àwọn tó dìbò fún un bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní kí wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń júwe.

Ẹnì kẹta ni Ọ̀gá Gánà. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, ní ìsọ̀ kan tí páànù rẹ̀ ti ń jò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò tí kò tíì jẹ ẹ́ ní gbèsè rí. Nígbà tí tiransifọ́mà wa jó, tí a wà lókùnkùn fún oṣù bíi mélòó kan, òun ló ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé pẹ̀lú ìwé ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́, ó ń gba owó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń lẹ orúkọ àwọn tó ti san mọ́ ara ìsọ̀. Èmi kò tètè san. Orúkọ mi ò sí lára ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ìwé. Ká ní wọ́n ní kí wọ́ọ̀dù yẹn na ìka sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kánsílọ̀ láìgba owó oṣù, òun ni wọ́n máa nà án sí.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó gbà kò ní Gánà nínú. Kofi ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kofi yìí gba sùúrù díẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò lọ sí Gánà láti ayé tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Ilé púpọ̀ wà láàárín ìlú tó jẹ́ pé owó ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kùmásì ni wọ́n bí bàbá ọkùnrin yìí sí, lọ́jọ́ Ẹtì kan. Àwọn Áṣántì sì máa ń fi ọjọ́ ìbí pe ọmọ: ọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Ẹtì, Kofi ni. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ Yorùbá náà o. Oyè ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Kofi ni ọjà mọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá náà dé pẹ̀lú ìyàwó, àpótí kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ, sí ìlú baba rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé rí. Agboolé fún un ní yàrá. Àdúgbò fún un ní orúkọ: Bàbá Gánà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wá bí ọmọ yìí sí. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gánà rí. Lọ́dún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE, tí wọ́n ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá kó fi di etí òdìkejì mú, ọwọ́ tirẹ̀ tó etí. Ọ̀gá ilé ìwé bi bàbá pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, kí lorúkọ yín?” Bàbá ní, “Kofi.” Ó kọ ọ́, ó pe ẹni tó kàn. Bó ṣe di orúkọ ìdílé nìyẹn. Ó wọ ìwé ẹ̀rí WAEC, ó wọ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, ó wọ káàdì ìdìbò. Kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, àfi báńkì.

Bí ìdìbò abẹ́lé ṣe ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kì í ṣe èébú, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣeé dá lóhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ yìn ín. “Èèyàn dáadáa ni Gánà o, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe é. Àbí ẹ̀yin náà ò rò ó, ṣé kò sí ọmọ ilé mọ́ ni?” Mo gbọ́ ọ níbi òkú, mo gbọ́ ọ níwájú mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún méjìlélógún tí kò mọ orúkọ bàbá bàbá tirẹ̀ gan-an.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé lọ́dún yẹn, Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbade Kẹta, ṣì wà lórí ìtẹ́ Ṣọ̀ún bí wọ́n ti wà láti 1973. Oṣù kejìlá ọdún 2021 yẹn ni wọ́n wàjà. Kí ni Jímọ̀? Ọjọ́ Ẹtì náà ni, láti inú èdè Lárúbáwá. Jímọ̀ àti Kofi, nǹkan kan náà ni wọ́n ń wí, ẹ̀yìn odi sì ni àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bi Jímọ̀ pé níbo nilé rẹ̀. Jímọ̀ ti pẹ́ nínú agboolé tó fi mọ ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí. Kofi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tó wà lára àwọn dẹ́lígéètì, ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ní, “Bàbá, ṣé nítorí orúkọ lásán?” Wọ́n ní, “Tíṣà, orúkọ kì í ṣe lásán. Bí Oyè bá kówó wa jẹ, baálé ilé wọn ń bẹ, a ó lọ ká a mọ́ iwájú rẹ̀. Bí Kofi bá kó o jẹ, ta la fẹ́ lọ bá? Ṣé Kùmásì la ó wọkọ̀ lọ ni?” N kò rí èsì fún wọn. Mo ti ń rò pé orúkọ bàbá ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Ibi tí wọ́n á lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni wọ́n fi ń mọ̀. Ó sì ń dùn mí pé bàbá yìí mọ̀ pé agboolé kan ló fún Bàbá Gánà ní yàrá ní 1969, baálé agboolé náà sì wà láàyè. Kò kàn sí nínú orúkọ ni kò jẹ́ kí wọ́n rántí.

Ṣé kò lè yí i padà ni? Wọ́n gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kó lọ búra ní kóòtù, kó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kó máa jẹ́ Oyè ti bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn Oyè ti ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù bá yàtọ̀ sí ti WAEC, wọ́n á ní ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn ló gbé wá, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà. Ó fi Kofi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Nínú pósítà, ó kọ “ỌGA GANA LO KAN”, kò kọ Kofi síbẹ̀ rárá. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀. Mo sọ fún un nígbà náà pé kó fi méjèèjì sí i. Ó ní lẹ́tà tó bá pọ̀ jù, owó atẹ̀wé á pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ ìdìbò, yàrá ìkàwé kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò. Àwọn dẹ́lígéètì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn ga ju tábìlì lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́, tí kì í ṣe ará ìlú wa, ló ń darí ètò. Wọ́n ní kí àwọn olùdíje dúró síta. Wọ́n ya ìwé sí wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ní kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ “gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù”. Ọ̀gbẹ́ni náà wá ka orúkọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ bàbá ṣíwájú.

Bó ṣe pe Kofi, ìyá kan tó jókòó nítòsí mi yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. “Ta ni wọ́n ń pè ní Kofi?”

“Ó jọ pé wọ́n ti gbé ẹlòmíràn lé wa lórí láti Ìbàdàn.”

“Gánà ńkọ́?”

“Ó lè jẹ́ pé ó ti yọwọ́.”

Mo gbọ́ ọ kedere. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó ń kọ èsì kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń dìbò sọ̀rọ̀, mo sì pa òfin mọ́ bí ọmọlúàbí. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn.

Nǹkan tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn lè rò pé orúkọ agboolé kò já mọ́ nǹkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1986, ẹgbẹ́ Democrat ṣe ìdìbò abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí George Sangmeister fún ipò igbákejì gómìnà, àti Aurelia Pucinski fún ipò akọ̀wé ìpínlẹ̀. Àwọn méjì tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, Mark Fairchild àti Janice Hart, ọmọlẹ́yìn Lyndon LaRouche, olóṣèlú kan tí èrò rẹ̀ ṣàjèjì sí ti ẹgbẹ́, ló lù wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ sùn, wọn ò polongo. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn di mú títí dòní ni orúkọ. Fairchild àti Hart rọrùn létí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Sangmeister jẹ́ orúkọ Jámánì, Pucinski jẹ́ ti Pólàńdì. Bàbá Pucinski ti ṣe aṣòfin rí láti Chicago, orúkọ náà tà níbẹ̀. Kò tà dé gbogbo oko. Adlai Stevenson Kẹta tó gba tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà kọ̀ láti bá àwọn méjèèjì rìn, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, James Thompson, gómìnà tó wà lórí oyè láti ẹgbẹ́ Republican, sì nà án ní oṣù kọkànlá. Stevenson fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà Illinois, ó sì ti díje fún ààrẹ ní 1952 àti 1956. Orúkọ bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un, orúkọ bàbá ẹlòmíràn ló sì tì í mọ́ ọn.

Tiwa tún wá lé kan. Ní ìdìbò gbogbogbòò ní Nàìjíríà, orúkọ olùdíje kì í sí lójú ìwé ìdìbò. Àmì ẹgbẹ́ ni à ń tẹ̀ka sí. Bí Gánà bá ti la yàrá ìkàwé yẹn já, Kofi kì bá tí lè pa á lára mọ́. Inú yàrá abẹ́lé nìkan ni orúkọ ti lágbára tó bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju èrò ọkọ̀ akérò mélòó kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó wà nígbà náà, SDP àti NRC, ń lo ìlànà ìdìbò abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Option A4, ẹ̀yìn olùdíje tàbí àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. Ká ní àwòrán Gánà ni wọ́n gbé sára ògiri yẹn, ìyá méjèèjì ì bá ti mọ ibi tí wọ́n á dúró sí.

Àwọn olóṣèlú tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ èyí tipẹ́. Adéṣínà pọ̀ ní Ìbàdàn bí Oyè ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọmọ Lam Adesina, gómìnà àná, tó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 2015 kò jẹ́ Adesina lásán, Dapo Lam-Adesina ni. Lam yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Lọ́dọ̀ tiwa náà, Olamijuwonlo Alao-Akala wọ ilé ìgbìmọ̀ kan náà ní 2023, ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ tó ṣe gómìnà, kò sì sí ẹni tó nílò àlàyé lórí ọmọ ẹni tó jẹ́. N kò sọ pé orúkọ nìkan ló gbé wọn dé ibẹ̀. Mo kàn ń sọ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé “ta ni?”

Ká padà sí yàrá wa. Nígbà tí wọ́n ń tú ìwé, ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún Oyè kò kọ ju “Oye” lọ. Mo ka mọ́kànlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì ní kò burú, ó wà nínú orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ó tú “Gana” àkọ́kọ́.

Ó gbé fọ́ọ̀mù sókè. “Ṣé Gana wà níbí?”

Bàbá ọ̀ṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan dìde. “Ọ̀gá, gbogbo wa tí a wà níbí la mọ ẹni tó ń jẹ́ Gánà.”

“Bàbá, ẹ má bínú, èmi ò mọ̀ ọ́n.”

Òótọ́ ló sọ. Ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó kan èyí tó ní nọ́ńbà fóònù, ẹnìkan ní kí wọ́n kúkú pè é, fóònù náà sì dún níta lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìwé náà ti àwọn ìyókù. “Coffee” ló pẹ́ jù. Aṣojú Gánà ní Kofi náà ni, bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ ni. Aṣojú Oyè dìde, ó ní bí a bá gba kọfí wọlé lónìí, lọ́la ẹnìkan á kọ Lipton. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló dá ẹjọ́ náà. Mo kọ èsì sójú pátákó, mo fi ìlà sábẹ́ rẹ̀, ìlà náà tọ́ gan-an.

Gánà pẹjọ́ sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní omi inú ọ̀rá, wọ́n ní òfin lòfin, kó ní sùúrù di ìgbà míràn. Kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó tún jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n lò níbi ayẹyẹ Oyè ṣe, ó sì gba owó rẹ̀ pé.

Nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti oṣù kẹrin ọdún 2024 ń súnmọ́, ó ní kí n sin òun lọ sí kóòtù. Mo rò pé Oyè bàbá rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbà padà. Ó ní rárá, Gánà lòun fẹ́ fi kún un, kó di Kofi-Gánà, kí ẹni tó bá kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ jàre. Mo ní Oyè ńkọ́? Ó ní, “Tíṣà, Oyè ti pọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ lóru, ṣé Oyè ni wọ́n ń pè?”

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá. Akọ̀wé kóòtù, ọmọdébìnrin tó wọ gíláàsì, ka ìwé tí mo bá a kọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo Gánà láti orí dé ẹsẹ̀, ó rọra fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ṣé ẹ ní ìwé ìgbélùú?”